Àpótí Tí Mo Kàn fún Owó Ẹyọ Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Ìwé, má bínú. Ọwọ́ mi ò dáa. Kíláàsì karùn-ún ni mo dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa ran ìyá mi lọ́wọ́, láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ju orúkọ mi lọ. Ọ̀rọ̀ mi náà kì í yá. Tí mo bá ní kí n sọ nǹkan láàárín èèyàn, á dé ọ̀fun, á jókòó síbẹ̀. Torí náà ìwọ ni màá máa bá sọ ọ́. O ò ní fi mí ṣẹ̀sín.

Oṣù kejì rèé tí mo wọlé ọkọ. Jẹ́ kí n fi wọ́n hàn ẹ́. Ọkọ mi — Jẹ́jẹ́ ni màá máa pè é níbí, nítorí ìrìn ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ó ń tún rédíò àti fáànù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Bàbá tó bí i — Bàbá ni màá máa pè wọ́n. Kúkù tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun ni wọ́n nígbà tí ara wọn ṣì le. Gbogbo èbúté tí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀, wọ́n á mú owó ẹyọ kan bọ̀ níbẹ̀. Wọn kì í ná an. Wọ́n kàn ń kó o jọ ni. Ẹnì kẹta ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, aránṣọ, tó fi ilé ọkọ tirẹ̀ sílẹ̀, tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ padà wá sí yàrá iwájú. "Àǹtí" ni mo ń pè é lójú ẹ̀, pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀. Níbí, Sísọ́ọ̀sì ni. Ẹnu ẹ̀ kì í là kó má gé nǹkan.

Lónìí ó ní omi tí mo pọn ní iyanrìn nínú. Ẹ̀rọ omi kan náà tí òun náà ń pọn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta

Inú agolo mílíìkì méje ni owó ẹyọ Bàbá wà. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á da agolo kan sórí ẹní, wọ́n á máa tò ó, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Ọ̀kan yí dé ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo he é. Igbe tí wọ́n ké — etí! etí ẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un! ọ̀rá ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kan ojú ẹ̀! — mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù. Mo fi etí ẹ̀ mú un. Orí obìnrin kan wà lára ẹ̀, imú ṣóńṣó, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò fẹ́ rí mi. Mo ní, ìwọ náà? Nínú ọkàn mi ni o.

Ó wúwo. Ó tutù. Ó dára, ìwé, ó dára gan-an. Ìsàlẹ̀ agolo yẹn sì ti dógùn-ún, òrùlé ń jò sínú ẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹta

Bàbá tó bí èmi ń kan àpótí tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí. Àárín ìṣó ni mo ti kọ́ ìrìn. Mo sọ fún Jẹ́jẹ́ pé mo lè kan nǹkan fún owó Bàbá — nǹkan gidi, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan á ní ihò tirẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ bá Bàbá. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bàbá ní, "Ìyàwó wo? Èyí tí kì í fọhùn yìí?" Jẹ́jẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá ní ó dáa, kí n gbìyànjú. Àmọ́ kí n la etí mi, kí n má ní wọn ò sọ: ọjọ́ tí ẹyọ kan bá sọnù, tàbí ó bàjẹ́, kí n di ẹrù mi kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó bí mi.

Ẹ̀rọ Sísọ́ọ̀sì dákẹ́ ní yàrá iwájú. Ó gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹta

Irinṣẹ́ ò sí, àfi kí n ṣe é. Ẹ̀mú ni mo kọ́kọ́ ṣe. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di páálí ẹrù — mo ká a sí méjì, mo fi òkúta lọ ẹnu ẹ̀ títí kò fi mú mọ́, mo fi òwú wé aṣọ funfun mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń ṣa owó bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Ìyẹn tán, ohun tí màá fi lu ihò. Páìpù tín-ín-rín kan wà nínú pàǹtí ṣọ́ọ̀bù, mo fi fáìlì pọ́n etí ẹ̀ títí ó fi mú bí abẹ. O gbé e lé páálí, o lù ú lóòlù lẹ́ẹ̀kan — pá! — ihò roboto. Páìpù mẹ́ta ni mo pọ́n, kékeré, àárín, ńlá. Awọ ti bó ní ìka mi méjì. Inú mi dùn.

Sísọ́ọ̀sì ní ariwo òòlù mi ti jẹ́ kí òun rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn. Ì bá jẹ́ òótọ́, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹta

Jẹ́jẹ́ fún mi ní òkú rédíò kan, èyí ńlá ayé àtijọ́ tó jẹ́ onígi. Mo kó ìfun ẹ̀ dànù. Ikùn ẹ̀ gba dúrọ́ọ̀ mẹ́fà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, kí n má baà gbàgbé: páálí méjì tí mo ti lu níhò, màá fi sítáàṣì tó ki lẹ̀ wọ́n mọ́ra, màá gbé bíríkì lé e di ọjọ́ kejì. Màá wá lẹ páálí kan tí kò ní ihò mọ́ ìdí ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú ọ̀nà tí dúrọ́ọ̀ ń gbà wọlé, mo fi abẹ́là ra á kó lè máa yọ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí rédíò yẹn ni mo kàn mọ́ iwájú, ibẹ̀ ni èèyàn á dì mú tó bá fẹ́ fà á. Jẹ́jẹ́ fa ọ̀kan, ó tì í padà, ó tún fà á. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe èyí?" Bí ẹni pé aládùúgbò kan ló máa wá ṣe é.

Oníbàárà méjì wà ní yàrá iwájú nígbà tí mo ń gbé igi kọjá. Sísọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wá wo ìyàwó wa o, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gbé ikùn, tiwa ń gbé òòlù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ ni mí. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo kan ìṣó mẹ́rin. Mo fún ìṣó kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Orúkọ kan náà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù kẹta

Dúrọ́ọ̀ kẹta há. Mo sunkún díẹ̀. Mo tún fi abẹ́là ra á, ó wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹta

Owó ń mì nínú ihò. Tí o bá ti fa dúrọ́ọ̀, gbogbo ẹ̀ á máa ró wọ̀ọ̀rọ̀-wọ̀ọ̀rọ̀. Bàbá ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Owó tó bá ń ha ara, ojú ẹ̀ á máa jẹ, wọ́n ti sọ ọ́.

Mo ń rò ó níbi ẹ̀rọ omi nígbà tí Sísọ́ọ̀sì dé. Ó ní, "Ìyàwó, kí ló ń dà ẹ́ láàmú?" Ìwé, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un. Ó wọlé, ó mú túúbù kẹ̀kẹ́ kan jáde, rọ́bà dúdú, rírọ̀. Ó ní kí n gé e roboto-roboto, kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ owó kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn fàdákà yẹn, ó ní kò ní mì mọ́ láé. Ó tún yá mi ní sísọ́ọ̀sì aṣọ ẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn!

Bóyá kí n yí orúkọ ẹ̀ padà nínú ìwé yìí. Bóyá ojú ló ń tì í tẹ́lẹ̀, bíi tèmi. Mo sọ fún Jẹ́jẹ́ pé Àǹtí ló fún mi ní rọ́bà. Ó ní, "Mo ti sọ fún ẹ. Inú ẹ̀ ò burú."

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹta

Ó parí! Mo fi ẹ̀mú kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Bàbà ni mo gbé sí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Idẹ sí àárín. Fàdákà mẹ́rìndínlógún sí òkè, lórí rọ́bà. Mo ti mọ̀ wọ́n lójú báyìí. Ọba Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dà bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ iná. Ìyá Imú Ṣóńṣó. Ẹyẹ Olórí Méjì. Ìkan tí wọ́n lu níhò láàárín tí mo ń pè ní Eyín Ọmọdé.

Bàbá fa dúrọ́ọ̀ òkè. Kò mì. Wọ́n wò ó, wọ́n gbé ojú sókè sí mi. Wọ́n ní, "Hùn."

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti gba "hùn" lọ́wọ́ wọn rí nílé yìí.

Ọjọ́rú, 27 oṣù kẹta

Ibà gbé Bàbá dè. Sísọ́ọ̀sì ló ń jókòó tì wọ́n, kì í jẹ́ kí n wọlé. Ooru ń mú bí inú ààrò, a ti fèrèsé yàrá wọn pa nítorí otútù tó ń mú wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹrin

Sísọ́ọ̀sì tún bi mí bóyá Bàbá ti ṣí àpótí. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Mo ní rárá, ara wọn ò tíì yá. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń wù ú kí wọ́n yìn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹrin

Bàbá jókòó lónìí. Omi gbígbóná nìkan ni wọ́n mu. Èmi lọ kí ìyá mi lọ́sàn-án, mo dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹrin

Mò ń yára kọ ọ́, tí o ò bá lè ka èyí, má kà á.

Bàbá pè mí lọ́sàn-án yìí. Dúrọ́ọ̀ òkè wà lórí itan wọn. Owó fàdákà ti dúdú. Kì í ṣe eruku. Dúdú bí ìdí ìkòkò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ọba Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Wọ́n ní, "Owó mi dà?" Mo ní òun nìyí, Bàbá. Wọ́n ní, "Mo ní owó mi dà! Èyí kì í ṣe tèmi!"

Sísọ́ọ̀sì ti dé ẹnu ọ̀nà, téèpù ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ti mọ̀, òun ti rò ó. Ó ní òjé ni ìyẹn, mo ti kó fàdákà lọ mo ti fi òjé dí ihò. Ó ní ẹ rántí pé mo lọ kí ìyá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, báàgì mi wúwo nígbà tí mo ń lọ ni àbí nígbà tí mo ń bọ̀? "Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ máa ń rò pé ara ẹ̀ ló balẹ̀. Ó ń ṣírò ni!"

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ìwé, kò sí nǹkan kan.

Jẹ́jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù wá, wáyà lọ́wọ́. Bàbá ní, "Ìyàwó ẹ máa lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀." Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù kẹrin

Wọn ò bá mi jẹun. Mo kí Bàbá, wọ́n yí ojú sí ògiri. Mo kí Sísọ́ọ̀sì, ó kí mi padà — "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá wa, ẹ̀yin oníṣòwò fàdákà." Ó kúnlẹ̀ sí i. Kí ẹ̀rọ ẹ̀ gún un níka.

Mo bi Jẹ́jẹ́ pé ṣé ó gbà pé mo jí i. Ó ní rárá. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ ọ́ síta. Ó ń wo fáànù tó wà níwájú ẹ̀. Ó ní Bàbá ṣì ń gba ara wọn lọ́wọ́ àìsàn ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù kẹrin

Mo rí i. Níbi tí mo ti ń fọ abọ́, mo rí i!

Bàbá ní ìwé kan. Èbúté tí wọ́n ti rí owó, ọdún, àti ìwọ̀n ẹ̀ ní gíráàmù, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ló bá wọn wọ̀n ọ́n láyé ọjọ́un. Tí mo bá wọ̀n ọ́n tó ṣì jẹ́ ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n sì tún wo àwòrán ojú ẹ̀ pé òun náà ni — kí ló kù? Òjé ò lè jẹ́ ìwọ̀n kan náà mẹ́rìndínlógún.

Ta ló máa yá mi ní òṣùwọ̀n? Kò sẹ́nì kankan. Màá ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹrin

Sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan, gígùn, mo nà án títí ó fi gún. Mo wá àárín ẹ̀, mo so òwú mọ́ ọn, mo so òwú náà kọ́ ìṣó lára ògiri. Ọmọrí agolo póólíìṣì bàtà méjì, mo fọ̀ wọ́n, mo lu ihò mẹ́ta-mẹ́ta sí wọn létí, òwú mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sósì. Apá òsì ń wọlẹ̀. Mo lẹ abẹ́là kín-ín-kín mọ́ apá ọ̀tún, mo ń fi èékánná ha á díẹ̀díẹ̀ títí tí sípóòkù fi dúró gbọọrọ, kò yẹ̀ síhìn-ín, kò yẹ̀ sọ́hùn-ún. Eṣinṣin kan bà lé e, ó yẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko eṣinṣin náà lẹ́nu.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ohun kan péré ni mo rántí dáadáa nínú gbogbo ohun tí tíṣà kíláàsì karùn-ún kọ́ wa: omi tó kún mílí kan, gíráàmù kan ni. Jẹ́jẹ́ ní sìríńjì tó fi ń ta òróró sí inú fáànù, nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Màá gbé owó sí apá kan, màá máa kán omi sí apá kejì títí wọn á fi dọ́gba. Iye mílí tó bá lọ, òun ni.

Jẹ́jẹ́ dì í mú fún mi nígbà tí mo ń so ó. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n. Mo rò pé bóyá ó máa gbèjà mi.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹrin

Mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá, mo kọ́ ọ sí ìṣó àwòrán. Mo kúnlẹ̀. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí láti àárọ̀, mo sì sọ ọ́ dé ìdajì: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n." Jẹ́jẹ́ ṣe àlàyé ìyókù. Sísọ́ọ̀sì ní, "Omi ló fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí! Ẹ gbà mí o!" Bàbá wo òṣùwọ̀n náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ju ìwé wọn sílẹ̀ níwájú mi. Wọ́n ní, "Kà á sókè, tó o bá mọ̀ ọ́n kà."

Mo kà á. Díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ilé-ìwé. Àkọ́kọ́: gíráàmù mọ́kànlá àti díẹ̀. Mo kán omi. Mọ́kànlá, sípóòkù ṣì yẹ̀. Mo kán díẹ̀ sí i, ó dúró. Bàbá súnmọ́ ọn. Ìkejì, ó bá a mu. Ìkẹta. Wọ́n ní kí n fún wọn ní sìríńjì, wọ́n fi ojú ara wọn ka nọ́ńbà. Ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ìkẹsàn-án, mo ṣí ojú ewé, mo fẹ́ kà, mo rí i.

Lábẹ́ ìwọ̀n owó kẹsàn-án, ọwọ́ Bàbá ló kọ ọ́, ọdún ti pẹ́: *Ọ̀kan bí èyí ti dúdú, ó bàjẹ́. Rọ́bà tí ọmọ mi obìnrin fi so ó pọ̀ ló fà á. Mo ti nà án. Rọ́bà ò gbọdọ̀ kan fàdákà láé.*

Ó mọ̀. Ìwé, Sísọ́ọ̀sì mọ̀. Ó mọ̀ níbi ẹ̀rọ omi yẹn. Ó mọ̀ nígbà tó ń yá mi ní sísọ́ọ̀sì ẹ̀.

Mo gbé ojú sókè. Ó ń wò mí. Ó rí ibi tí ìka mi wà. Mi ò kà á sókè. Mo ka ìwọ̀n nìkan, mo kán omi, ó bá a mu. Gbogbo ẹ̀ bá a mu, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún.

Bàbá ní, "Owó mi ni." Wọn ò ní mo dúpẹ́, wọn ò ní má bínú. Wọ́n yọ rọ́bà kan nínú ihò, wọ́n gbé e símú, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló fún ẹ ní èyí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n mi, mo búra. Àfi Jẹ́jẹ́ — Jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú bàbá ẹ̀ — ó ní, "Èmi ni, Bàbá."

Bàbá ní, "Nígbà náà ìwọ ni kó o di ẹrù ẹ. Ìwọ àti ìyàwó ẹ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n má bá yín níbí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kẹrin

Fún wákàtí kan lánàá mo rò pé Jẹ́jẹ́ jà fún mi. Inú mi dùn débi pé mi ò bìkítà pé wọ́n lé wa. Mo ní, o ṣeun. Ojú tì í. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí Bàbá bá lé e, ibo ló fẹ́ lọ? Àwa ṣì lè rí yàrá."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀. Mo sọ ohun tí mo kà nínú ìwé Bàbá fún un. Ó ní òun ò mọ̀ nípa rọ́bà, òun kéré nígbà yẹn. Mo gbà á gbọ́. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹrin

Mo bá Sísọ́ọ̀sì níbi ẹ̀rọ omi. Mo ní, "Àǹtí, ẹ mọ̀." Kò sẹ́. Ó ń wo omi tó ń kún korobá. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun, òun fẹ́ kó owó náà jọ dáadáa fún Bàbá ni, wọ́n nà òun títí òun ò fi lè jókòó. Láti ọjọ́ náà wọn ò jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ẹyọ kan. "Ọgbọ̀n ọdún! Ìwọ dé, oṣù méjì, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ fún ẹ. Ó dùn mí. Tí o bá fẹ́, lọ sọ fún wọn." Ó gbé korobá ẹ̀. Omi ta sí mi lẹ́sẹ̀.

Ó yẹ kí àánú ẹ̀ ṣe mí. Ó ṣe mí díẹ̀. Ìyókù, mo kórìíra ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹrin

Mo lọ sọ fún wọn.

Èmi nìkan. Mi ò mú Jẹ́jẹ́ dání. Bàbá wà lórí ẹní, wọ́n ń to owó lábẹ́ òṣùwọ̀n mi; láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń wọ̀n gbogbo ohun tó wà nínú àpótí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ọmọ yín ọkùnrin ló fún mi ní rọ́bà." Mo sọ ọ́ parí, ìwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ṣí ojú ewé yẹn fún wọn.

Wọn ò wò ó. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, ẹ mọ̀?

"Èmi ni mo kọ ọ́, ṣé màá gbàgbé ni? Òórùn túúbù inú yàrá ọmọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n." Wọ́n ṣì ń fi ẹ̀mú mi tò ó. Wọ́n ní ta ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún àwọn? Ta ló jókòó ti àwọn nígbà ibà? Èmi ni? Wọ́n ní èmi àti ọmọ yẹn ò lè gbé ilé kan náà mọ́, wọ́n ti rí i lójú wa, ẹnì kan ní láti lọ, ọkùnrin ló lè tètè rí ibi sùn. "Ohun tí ọkọ ẹ sọ yẹn rọ̀ mí lọ́rùn. Mo gbà á." Wọ́n wá gbé ojú sókè. Wọ́n ní kí n máa wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, èmi nìkan, kí n wá máa bójú tó owó. "Ọwọ́ ẹ dáa. Kó o sì fi òṣùwọ̀n yẹn síbẹ̀."

Mo dìde. Mo yọ ọ́ kúrò lórí ìṣó. Owó kan ṣì wà nínú ọmọrí, mo fi etí ẹ̀ mú un, mo gbé e lé ẹní níwájú ẹ̀. Ó ní, "Kí lo ń ṣe?" Mo ní, "Èmi ni mo ṣe é, Bàbá." Ó ń pè mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kọjá àgbàlá, bí ẹni gbé ẹyin, n kò wẹ̀yìn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé "ó" ni mo kọ fún Bàbá, kì í ṣe "wọ́n". Mi ò ní pa á rẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kẹrin

A kó. Ẹrù kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù wa. Sísọ́ọ̀sì ò jáde. Ẹ̀rọ ẹ̀ ń dún kíkankíkan, kò sí aṣọ lábẹ́ ẹ̀, mo mọ dídún ẹ̀.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kẹrin

Yàrá kan, lẹ́yìn ilé alágbàfọ̀. Ògiri ẹ̀ ń rin, a ò ní àga, ọmọ onílé ní a gbọ́dọ̀ máa bọ́ bàtà. Àmọ́ fèrèsé wà, mo kọ́ òṣùwọ̀n mi síbẹ̀, ó sì dúró gbọọrọ.

Jẹ́jẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé lánàá, ó na ọwọ́ sí mi láìsọ̀rọ̀. Owó ẹyọ kan. Ó ní inú ikùn rédíò kan tí òun tú ló wà, ẹni tó ni rédíò ní kó máa mú un lọ. Kékeré, ọkọ̀ ojú omi wà lára ẹ̀, mi ò mọ ilẹ̀ tó ti wá. Mo wọ̀n ọ́n: gíráàmù márùn-ún géérégé. Mo fi aṣọ òwú tó mọ́ tẹ́ inú páálí ìṣáná, mo gbé e sí i. Mo kọ ìwọ̀n ẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Nọ́ńbà kìíní. Mo ti dárí jì í díẹ̀, Jẹ́jẹ́. Mílí méjì, mílí mẹ́ta. Kò tíì dọ́gba.

Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ti ṣí i. Ohùn Sísọ́ọ̀sì. Ó ní Bàbá ló rán òun. Ó ní wọn ò jẹun láti àná, inú ń bí wọn, wọ́n ní kí òun gba òṣùwọ̀n bọ̀, wọ́n ní tí a bá fún òun, kí á máa padà bọ̀ wá sílé, ọ̀rọ̀ ti tán. Jẹ́jẹ́ ń dúpẹ́. Ó ń dúpẹ́! Ó ní kó jókòó. Lórí kí ni? Ó ń pè mí — "Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, mú un wá."

Ó dáa. Mò ń bọ̀. Òwú ẹ̀ ò ní kúrò lórí ìṣó, kí n kọ ohun tí màá wí kalẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà: Àǹtí, ẹ kú àbọ̀, ẹ padà lọ bá Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé sípóòkù pọ̀ nígboro, omi sì wà nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n bá fẹ́ òṣùwọ̀n, kí wọ́n jókòó kí wọ́n ṣe é, èyí tó wà lójú fèrèsé yìí kò ní í —

Jẹ́jẹ́ tún ń pè, ó ti ń bọ̀ wá síb